Ìdẹ Oníìyẹ́ Tí Ọkọ Mi So Láìríran

Àkànní ọkọ mi, ilé ti dákẹ́ jù. Ẹni tí mo ń dá lóhùn ti lọ síbi tí ohùn mi kò lè dé. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó yín, ìyá Bọ́lá, ni mo wá dágbére fún yín lójú gbogbo èèyàn tó pé jọ síbí.

Bàbá Bọ́lá, ọmọ bíbí Ìwó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Láti ìgbà tí ẹ ti dé Sango ní ọ̀dọ́ lẹ ti ń fi agbára yín sin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun àpò, títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ariwo ẹ̀rọ lẹ ń gbọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá di Sátidé, ẹ ó gbé ọ̀pá ìwọ̀, ó di odò Ìjú. Ẹ kì í fi ekòló dẹ ẹja bí àwọn yòókù. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú lẹ máa ń so mọ́ ìwọ̀, títí yóò fi jọ ẹja kékeré lójú ẹja ńlá.

Mo jẹ́wọ́ pé mo bá odò náà jowú. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo ní, "Bó bá jẹ́ odò lẹ fẹ́, ẹ kúkú lọ máa gbé ibẹ̀." Ẹ gbé ẹja tí ẹ mú bọ̀ sínú abọ́, ẹ ń ha ìpẹ́ rẹ̀ fúnra yín.

Ọdún kejì tí ẹ fẹ̀yìn tì ni àrùn ojú dé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ìmọ́lẹ̀ gbé, títí dókítà fi sọ fún wa pé kò sóhun tí òun lè ṣe mọ́. Ẹ gbé ọ̀pá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Odindi ọdún kan, ẹ ò mẹ́nu ba odò. Èmi tí mo ti ń fẹ́ kí ẹ máa jókòó sílé, nígbà tí ẹ wá jókòó, n kò lè wò yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ ní kí n bá yín wá ìyẹ́ àkùkọ funfun àti òwú pupa. Ẹ ní ìdẹ kan wà lọ́kàn yín tí ẹ ò tíì so rí. Èmi ń sọ àwọ̀ fún yín, ẹ̀yin ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí òwú máa gbà. Ìwọ̀ ń gún yín lọ́wọ́ léraléra. Nígbà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú mi ló lọ. Ọwọ́ mi ò lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ fi so ó. Nígbà tó di Sátidé, mo di ọwọ́ yín mú, a wọ kẹ̀kẹ́ ní ibùdókọ̀ Jójú, a sì lọ wọkọ̀ Ìjú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fojú kan odò tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ ju ìdẹ sómi, ẹ ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Ó ń léfòó bí ewé."

"Ẹja kékeré tí wọ́n ń lé kì í léfòó. Iwájú rẹ̀ ló fúyẹ́ jù."

A padà sílé. Ẹ wé wáyà tín-ín-rín mọ́ iwájú rẹ̀. Ní Sátidé kejì, ó rì, ṣùgbọ́n ó ń yí bí òkòtó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ìyẹ́ ọ̀tún á ti pọ̀ ju tòsì lọ. Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé e bí ẹ ṣe ní kí n gé e.

Ní Sátidé kẹta, mo rí i tó ń sá nínú omi, tó ń dúró, tó tún ń sá. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ó ti di ẹja." Kí n tó sọ ọ́ tán, ọ̀pá tẹ̀. Ẹ ò fà á. Ẹ na ọ̀pá sí mi.

"Gbà á. Fọwọ́ ara rẹ mọ ohun tí mo máa ń wá síbí."

Agbára ẹja náà gba apá mi dé àyà. Mo fà á, ó fà mí, okùn já, ó gbé ìdẹ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín. Ẹ ní, "Ó jẹ ẹ́, àbí kò jẹ ẹ́?"

Mo ní ó jẹ ẹ́.

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

A jókòó sórí koríko. Ibẹ̀ ni mo ti tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí inú bí mi sí odò. Ẹ ní ẹ ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé, ẹ kàn ti fi jì mí tipẹ́ ni.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ẹ ní àyà ń dùn yín. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn, orí yín wà lórí itan mi. Ẹ bi mí pé níbo la dé. Mo ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Ẹ ní, "Ó dáa." Ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Títí di òní, bí mo bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, ẹnu mi á ti máa ròyìn ohun tí mo rí fún yín: òjò ti ṣú, wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, ẹnìkan ń kọjá pẹ̀lú agbòòrùn. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mò ń sọ fún.

Àkànní, ẹ sùn re o. Àbẹ̀kẹ́ yín ló ń kí yín pé ó dàárọ̀.