Làpálàpá Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ìyá mi ni wọ́n mú ọ̀pá làpálàpá yẹn wá láti ìlú wa, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá bá mi wẹ ọmọ ní Festac. Àkísà tútù ni wọ́n fi wé e. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní bí ahọ́n ọmọ bá ti ń funfun, kí n já ewé kan, kí n fi oje rẹ̀ pa á lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá mi kú. Wọn ò ya fọ́tò rí. Igi yẹn ni mo ń wò. Bí mo bá ń gbá abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, á máa ṣe mí bíi pé ojúde wọn ni mo ń gbá.

Bàbá yín àgbà, ọkọ mi, tí wọ́n ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n mú ajá wálé. Abẹ́ igi náà lajá sọ di ilé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé òkè wa rí i, ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣọ́ ajá yín o. Kò gbọdọ̀ jẹ èso igi yẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé ẹnu ajá wá ṣe ẹlẹgẹ́ ju ẹnu ọmọ mi lọ ni.

“Oje díẹ̀ lẹ fi pa ọmọ lẹ́nu. Ẹ ò fún un léso jẹ.”

Mo ní ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso gbẹ, ó ń já bọ́. Mo ti ọjà Agboju dé lọ́jọ́ kan, mo bá ajá nílẹ̀, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, èérún èso wà nínú èébì rẹ̀. Mo ti bu epo pupa tí mo fẹ́ rọ sí i lọ́fun, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní dókítà ẹran ló kàn. Kò bá mi wí rárá. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ eléyìí kó hàn dáadáa: èso làpálàpá, májèlé ni fún ajá.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ dókítà kó tó padà. Bàbá yín àgbà ò ní kí n gé igi. Wọ́n kàn so ajá mọ́ iwájú ilé, nínú oòrùn. Ó ń sunkún, ó ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ kẹta tó ń sunkún ni mo mú àdá. Bàbá yín àgbà ní kí n jẹ́ káwọn bá mi gé e. Mo ní rárá, ìyá mi ló gbìn ín. Oje dà sí mi lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo hú gbòǹgbò rẹ̀, mo ṣa gbogbo èso, mo wá tú ajá sílẹ̀.

Tààrà ló lọ síbẹ̀. Ó fimú gbóòórùn ilẹ̀, ó yí ká, ó dùbúlẹ̀ sójú ibi tí igi wà. Kò síbòji mọ́. Mo gbé àpótí tọ̀ ọ́ lọ, mo jókòó tì í.