Ọ̀dà Pupa Lára Kíréètì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí kíréètì mínírà kan ṣoṣo ṣì ń wúwo fún mi láti gbé, Àgbọ̀wọ́ la ń gbé, màmá mi sì ń ta mínírà níwájú ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé inú ike lẹ ti ń mu ún, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Inú ìgò ló wà nígbà náà. Bí owó kún ọwọ́ rẹ, tí o kò bá ní òfìfo ìgò tí o máa fi pààrọ̀, ilé lo máa padà sí.

Dípò kan, ibi tí wọ́n ti ń ta mínírà fún àwa alátùntà, ní Challenge la ti ń rajà, Alhaja kan ló sì ni ín. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, tí mínírà wọ́n, òfin tirẹ̀ ni pé kí oníkálukú wá to òfìfo rẹ̀ sórí ìlà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Akọ̀wé á kọ orúkọ ẹni tó tò ó àti iye tó tò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìwé yẹn ni wọ́n fi ń pín ọjà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ Kérésì, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú àwọn oníbàárà pátápátá, torí àìmọye èèyàn ló ń wá àyè rẹ̀.

Kíréètì mẹ́tàlá ni màmá mi ní. Ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn, èmi ni mo di agolo ọ̀dà náà mú fún un.

Obìnrin kan wà lójúlé kejì sí wa tó ń ta mínírà bíi tiwa. Ìlú kan náà ni òun àti màmá mi ti wá, lápá Àkókó. Màmá mi ló mú un mọ Alhaja. Kíréètì mẹ́rin péré ló ní.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ní ọjọ́ tí à ń to òfìfo gan-an, ara àbúrò mi gbóná débi pé gìrì mú un. Màmá mi fẹ́ sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Jericho. Obìnrin yìí bá wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbájú mọ́ ọmọ yín. Mo ti háyà ọkọ̀. Màá kó tiyín mọ́ tèmi, màá sì tò ó lórúkọ yín."

Màmá mi ní kí n bá wọn kó o sọ́kọ̀. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ni mo gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ìkúnlẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ara àbúrò mi ti rọlẹ̀, èmi àti màmá mi bá gba Challenge lọ. Kíréètì wa wà lórí ìlà, ọ̀dà pupa ń wò wá. Akọ̀wé yẹ ìwé wò títí, kò rí orúkọ màmá mi. Kíréètì mẹ́tàdínlógún ló wà níwájú orúkọ aládùúgbò wa.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, tèmi nìyẹn. Ẹ wo ọ̀dà mi lára wọn."

Alhaja wo ọ̀dà náà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún mélòó ló ti ń rí i níbẹ̀!

"Ẹni tó tò ó ni mo mọ̀," ló wí. "Ẹ lọ yanjú ọ̀rọ̀ yín nílé."

Obìnrin yẹn ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó kù lórí ìlà náà mọ òtítọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lanu, kí tiwọn má baà bàjẹ́. Bí orúkọ màmá mi ṣe kúrò nínú àwọn oníbàárà Alhaja nìyẹn.

Lẹ́yìn Kérésì, obìnrin náà dá òfìfo wa padà. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọdún ni." Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ la ti ń ra mínírà tí à ń tà, ní iye tó bá wù ú. Nígbà tó yá, a ò tà á mọ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé nígbà tí obìnrin yìí fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, ó wá yá ìkòkò ńlá wa, màmá mi sì gbé e fún un. Mo fárígá. Màmá mi kàn ní, "Ọmọ tuntun náà kọ́ ló to kíréètì."

Ayé ti yí. Kò sẹ́ni tó ń to òfìfo mọ́. Ẹ ó tẹ fóònù, ọkọ̀ á já ọjà sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ó mu ún tán, ẹ ó ju ike rẹ̀ sí gọ́tà. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó kékeré tó ń gbé ọgbà wa ní Bódìjà wá yá bùlẹ́ńdà mi, ó kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà, mo fi bùlẹ́ńdà yẹn kan náà lọ ata. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti yàrá rẹ̀. Mi ò pa á títí ata fi kúnná.