Búrẹ́dì Tí Kò Níyọ̀

Láti àárọ̀ ni Bàbá Oníbúrẹ́dì ti ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ jà. Ọwọ́ ń lọ sídìí ìkòkò iyọ̀, bàbá ń fà á padà. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń ṣe búrẹ́dì. Ọwọ́ mọ̀nà, kò dúró de ẹni tó máa rán an létí.

"Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ ńkọ́?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá a tajà níwájú ilé ló béèrè. Kò sí ohun tí ojú obìnrin yìí ń fò.

"Mo rí i."

"Ẹ rí i, ẹ ò sì fi sí i?"

"Ti ọmọ ni èyí. Mi ò ní fi sí i."

Ọmọ tó ń wí ni àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Ó lọ bá ẹnìkan jà, ó ṣe onítọ̀hún léṣe, adájọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ti lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́dà gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e wọlé, tó sì jáde wá jẹ́ iṣẹ́ kan náà: ọmọ ní òun dúpẹ́, ojú ń ti òun, kí bàbá máa lọ sílé. Ẹni tó lójú láti lu èèyàn, tí kò lójú láti wo baba tó bí i! Bàbá á ká àpò òfìfo sábẹ́ apá, á wọkọ̀ padà. Kò sunkún, àmọ́ ó dùn ún dọ́kàn. Wọ́n ní bí ọmọ ẹni ti wù kó burú tó, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ. Wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe bí ọmọ bá kọ̀ tí kò fẹ́ jáde lẹ́nu ẹkùn.

"Ṣé ìyà tó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ ò tíì tó ni, tẹ́ ẹ tún fẹ́ fi búrẹ́dì títẹ́ kún un?"

"Ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Ṣé ó lè jẹ búrẹ́dì tí kò dáa kó panu mọ́?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà. Ó rántí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan gbàgbé iyọ̀: gbogbo ohun tí wọ́n pò ni Ọ̀gá Kékeré dà nù, ó sì pariwo títí àwọn aládùúgbò fi yọjú.

"Á bínú," bàbá ní. "Á jáde wá bá mi jà. Bó bá ti jáde, ó parí. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ìyẹ̀fun pípò tí kò níyọ̀ kì í gbọ́ràn. Ó wú kíákíá, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ bàbá lọ́wọ́. Nígbà tó sì jáde nínú ààrò, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kò pọ́n. Ojú ti bàbá láti gbé e kọjá níwájú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó yára fi aṣọ wé e. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó sì há èsì tó máa fún ọmọ sórí: "Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, parí ẹ̀wọ̀n rẹ, kó o wá pò ó fúnra rẹ." Èsì náà dùn mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀, ó tún un sọ lábẹ́lẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́dà gé búrẹ́dì náà wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, ó sì ju ègé kan sẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dúró.

"Bàbá, kí ló ṣe tòní?"

"Ẹ ṣáà bá mi gbé e fún un."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ìjà. Ó pẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ dé ti rí èèyàn wọn, wọ́n ti ń lọ. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn inú ṣí gbà, ọmọ náà sáré jáde, ó ti rù, wọ́dà ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé kó rọra. Kò mú búrẹ́dì kankan dání. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀.

"Bàbá mi, kí ló ṣe yín? Ṣé ara yín ò yá ni? Ẹ̀yin kì í gbàgbé iyọ̀!"

Èsì tí bàbá há sórí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.

"Ara mi le," ó ní. "Jókòó, kí n rí ọ."