Ojú Tí Oòrùn Jẹ

Ọkùnrin tó ń kun pátákó fún àwọn onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń gẹ irun ní àdúgbò Koumassi Remblais ló ya àwòrán ọkọ àǹtí mi nígbà tí ọkọ náà kú. Àǹtí mi gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹbí wa máa ń gbé àwòrán baálé tó bá kú kọ́ sí, kí àlejò lè kọ́kọ́ kí i. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló ń fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oòrùn lè wọlé.

"Kí Bàbá má bàa jókòó sínú òkùnkùn," ó máa ń wí.

Lọ́dún tó kọjá, mo ti àdúgbò Cocody wá kí i, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ búlúù ọkọ rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ojú náà ti di búlúù pẹ̀lú, bí ojú ẹni tí wọ́n yọ nínú omi. Ètè ò sí mọ́.

"Ìwọ náà rí i," àǹtí mi wí. "Wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Bàbá ń bínú sí mi ni. Kí ni mo ṣe fún un?"

Mo lọ pe ayàwòrán náà wá. Ó wò ó, ó mi orí.

"Tantie, c'est le soleil, oòrùn ni. Kì í ṣe ìbínú. Pupa tí mo pò mọ́ àwọ̀ ara vieux, bàbá yìí, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ ni. Ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́ ọ títí kò fi ní àwọ̀ mọ́. Búlúù le jù ú lọ, òun ló ṣẹ́kù."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ti àwọn onígẹ̀rígẹ̀rí, tó bá ti ṣá, mo máa ń tún un kùn ni."

"Tún eléyìí náà kùn."

"Ẹ mú fọ́tò tí mo wò nígbà yẹn wá."

Àǹtí mi jókòó.

"Orí àyà rẹ̀ ni mo fi í sí nínú pósí. Mo rò pé àwòrán ńlá ṣáà wà nílé."

"Ti inú fóònù ńkọ́?" mo bi í.

"Wọ́n jí fóònù lọ́jọ́ òkú."

Ayàwòrán ní kó ṣàpèjúwe ẹnu Bàbá fún òun.

"Ètè rẹ̀ nípọn," àǹtí mi wí. "Rárá. Tìsàlẹ̀ nìkan." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Ohùn Bàbá nìkan ni mo rántí.

Ayàwòrán tú férémù náà, bóyá àwọ̀ kan ṣẹ́kù lábẹ́ igi rẹ̀. Orí ìka ọwọ́ Bàbá kan tó yà wà níbẹ̀, tí oòrùn ò dé: ó pọ́n, ó dà bí ara alààyè. Àǹtí mi fi ìka tirẹ̀ lé e.

"Ẹ pa kọ́tìnì dé," ó wí.