Oògùn Inú Àgbá

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi fọ àgbá níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi àgbàdo pọn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀. Bí kòkòrò àìfojúrí bá wọ àgbá, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á kan, ọtí ò sì ní jáde dáadáa. Imú bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Á ní, "Ó ti ń kan o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká tú páìpù yìí fọ̀. Inú ẹ̀ ni kòkòrò sá pamọ́ sí."

Ọ̀gá burúkú yẹn á ní, "Bàbá Onímú, ẹ da oògùn sí i jàre. Ta ló ráyè páìpù?"

Oògùn apakòkòrò ni, ìyẹ̀fun funfun, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn. Bó ṣe ń mọ́ kòkòrò lára, ife kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ ọ́ di tiwọn: bí irin bá ya wọ́n lára, wọ́n á wọ́n ọn sójú ọgbẹ́, wọ́n á máa báṣẹ́ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, irin ya bàbá mi lẹ́sẹ̀. Ó wọ́n ọn sí i bó ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ wú, ó ń ṣọyún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni dókítà fi gún un lábẹ́rẹ́ irú oògùn kan náà, kò tu irun kankan lára kòkòrò.

Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ ká fi kún oògùn yẹn, bàbá."

Bàbá mi ṣí aṣọ kúrò lójú egbò, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Ó ti ń kan o, dókítà. Ẹ má wulẹ̀ da oògùn sí i mọ́. Ẹ gé e."