Bíríkì Kan Ṣoṣo Tó Wọ́

Bí ẹ bá fẹ́ bá baba bíríkìlà yìí jà, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ kàn gbé àwòrán kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan. Kò ní lè jẹun. Á máa wò ó láti orí àga, á máa yínmú, títí á fi dìde lọ tún un kọ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ta okùn, tó ń to bíríkì lé bíríkì, tó ń di ojú kan wo ìdúró ògiri, kò sí bí ohun tó wọ́ ṣe fẹ́ dùn mọ́ ọn nínú. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Gúnrégé nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Bíríkìlà, ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Bàbá, ìyàwó nìkan ló ni Gúnrégé.

Orúkọ yẹn ni gbogbo ohun tó kù fún un láyé, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ìgbàgbé ti mú obìnrin náà. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé iná lórí sítóòfù, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbàgbé ọmọ tó bí. Ó gbàgbé pé ìyá òun ti kú, ó ń jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá jí láàárọ̀, á wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Ọkọ á wẹ̀ ẹ́, á wọṣọ fún un, á po tíì fún un, obìnrin náà á sì dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Ẹ ṣeun, sà." Ìdúpẹ́ yẹn ló ń dun bàbá náà jù. Èèbù ì bá sàn fún un.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti ń pàdé. Ògiri kan wà lẹ́yìn ilé wọn, ògiri bíríkì pupa tó yí ọgbà kékeré ká, tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ní ọdún tí wọ́n fẹ́ra. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, á mú ìyàwó rẹ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Obìnrin náà á fọwọ́ lé ògiri, á máa fi ìka tọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi dé ibi tí bíríkì kan ti yọrí síta, tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà orí ọ̀mùtí. Ọwọ́ á dúró níbẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á wá bojú wẹ̀yìn.

"Gúnrégé, ṣé o ṣì ń bínú sí bíríkì mi?"

"Mo ṣì ń bínú sí i," bàbá náà á dáhùn. "Tọ̀la náà wà níbẹ̀."

Obìnrin yìí ló to bíríkì náà. Nígbà tí iṣẹ́ ògiri ń lọ lọ́wọ́, ọkọ wọlé lọ mumi, ìyàwó ọ̀ṣìngín bu sìmẹ́ǹtì, ó gbé bíríkì tirẹ̀ lé e. Ọkọ jáde, ó rí i, ó na ọwọ́ sí òòlù. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìyàwó ní èwo ni àgbà níbẹ̀, irùngbọ̀n wo ló ti hù. Ó fọwọ́ bo bíríkì náà, ó ní, "Gbogbo ògiri ni tìrẹ. Èyí ni tèmi. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ọkọ fi sílẹ̀. Nínú gbogbo ilé tó ti kọ́ fún olówó àti tálákà, ibì kan ṣoṣo nìyẹn tó ti gbà kí nǹkan wọ́, ìfẹ́ ló sì jẹ́ kó gbà.

Ọmọ wọn obìnrin wá kí wọn lọ́jọ́ kan. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ó níṣẹ́, ó lọ́mọ, kì í sì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ tó ti gbẹ, tí ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà.

"Ìyá rẹ ò lọ sílé kankan," bàbá náà sọ. "Ó ṣì mọ̀ mí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi tí wọ́n bí gan-an, wọn ò mọ̀ mí."

"Èmi ni mo ní ó mọ̀."

Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí ògiri, ọmọ náà sì fetí ara rẹ̀ gbọ́ Gúnrégé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ojú tó ń sunkún yẹn náà ló rí ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí: ògiri ti yọ ikùn. Òjò ti jẹ sìmẹ́ǹtì àárín bíríkì, gbòǹgbò igi ń tì í láti ìsàlẹ̀, nǹkan tútù aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti bo ìdajì rẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹnu tí ògiri yìí là, ológbò á gba ibẹ̀ kọjá láìtẹ̀ba. Ibi tí ikùn rẹ̀ yọ jù sì ni ìyá dúró sí, tó ń fọwọ́ pa bíríkì rẹ̀ lára.

"Ògiri yìí á wó lu Màmá," ọmọ náà sọ. "Mò ń padà bọ̀ lópin oṣù. Tí ògiri yìí bá ti dúró dáadáa, tí wọ́n ṣì mọ̀ yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú mọ́. Àmọ́ tí wọn ò bá mọ̀ yín mọ́, ẹ máa jẹ́ kí n mú wọn lọ. Ẹ ṣèlérí fún mi, Bàbá."

Ó ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ògiri kò bà á lẹ́rù, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ronú púpọ̀ sí i.

Láti ibi tó ṣì le ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé garawa omi, ó kúnlẹ̀ sórí àpò tó ká sí mẹ́rin, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ara ògiri. Ìdọ̀tí ṣàn wálẹ̀, pupa bíríkì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ti di ìyẹ̀pẹ̀ kúrò láàárín bíríkì, ó bu omi sí i, ó fi tuntun dí i. Orúnkún ń sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀yìn ń dá orúnkún lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga, ó fi aṣọ bo itan, ó ń wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," obìnrin náà á sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣé, mà," á dáhùn. Ó kọ́kọ́ fi ṣeré ni. Nígbà tó yá, kò mọ̀ bóyá eré ni mọ́.

Nítorí kò lè mú un lọ sídìí bíríkì rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ti léwu, lẹ́yìn náà ló wá tú u palẹ̀ pátápátá kó lè gé gbòǹgbò igi. Ojúmọ́ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, kò sẹ́ni tó pè é ní Gúnrégé. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó ń ṣe é bíi pé òun náà ń pa rẹ́ kúrò láyé díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí òun sáà tètè parí, pé bí ògiri bá ti padà, ìyàwó òun náà á padà.

Ẹ má rò pé ó gbàgbé bíríkì náà. Ọjọ́ tó tú ikùn ògiri, òun ló kọ́kọ́ yọ. Ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé e kó má baà bá àwọn yòókù dàpọ̀. Lẹ́yìn náà ló ta okùn láti igun dé igun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ ọn. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí ife kò gbọ̀n lórí ṣíbí tó fi ń bu sìmẹ́ǹtì. Bíríkì ń lọ, sìmẹ́ǹtì ń lọ, ó ń súfèé orin kan tí kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan bíríkì ìyàwó rẹ̀, ó fọ ọwọ́ kó tó gbé e. Ó gbé e sójú àyè rẹ̀ gan-an, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ sì fi ìdí ṣíbí gbá a lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi bá okùn mu. Ọwọ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe kò bèèrè lọ́wọ́ ọkàn kó tó ṣe é. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ó gbé bíríkì tó tẹ̀lé e, ó ń súfèé lọ.

Lọ́jọ́ tó parí, tíṣà àdúgbò tó ti fẹ̀yìn tì yọjú láti ọgbà tirẹ̀.

"Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Mo ti wò ó títí, mi ò rí ibi tó wọ́."

"Ẹ ò lè rí i," bàbá náà dáhùn, orí rẹ̀ wú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ ń bọ̀. Oòrùn là sára ògiri, ògiri náà pupa bíi ti ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n. Bàbá náà mú ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ògiri, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ti ń pèsè ìdáhùn sẹ́nu. Ìka obìnrin náà ń tọ́ ògiri lọ. Ó ń lọ. Ó kọjá ibẹ̀. Ó lọ títí ó fi kan igun, ó dúró, ó wo ìka rẹ̀. Ó yí padà, ó tún tọ́ ọ bọ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn bí ẹni ń wá bọ́tìnì iná nínú òkùnkùn.

Bàbá náà di ojú kan, ó wo ògiri láti igun dé igun bó ṣe máa ń wò ó. Kò sí ohun tó yọrí. Kò sí ohun tó tẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé e. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó rántí bíríkì, ó gbàgbé pé wíwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó òun fi mọ òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," obìnrin náà sọ. "Ẹ mú mi lọ sílé. Ògiri wa kọ́ nìyí."

Ó mú un jókòó, ó sáré lọ gbé òòlù. Sìmẹ́ǹtì kò tíì le tán, bíríkì náà jáde, igun rẹ̀ kan ṣẹ́. Ó po díẹ̀ sí i, ó tún un tò, ó tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún. Kò jọ ọ́. Ó yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Kò jọ ọ́. Ó fa á síta, ó tì í wọlé. Ọmọ ènìyàn tó lè to ilé alájà mẹ́ta kó gún kò mọ bí wọ́n ṣe ń to bíríkì kan kó wọ́. Ó pa ojú dé kí ọwọ́ lè rántí, ọwọ́ ò rántí nǹkan kan. Gbogbo ọdún yẹn, ojú lásán ló fi ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, òun ò sì lè bi í. Bàbá náà sunkún láìfohùn jáde, ó ń to bíríkì, ó ń yọ ọ́.

Ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí, ọmọ wọn jáde sínú ọgbà. Ó rí ògiri tó dúró gbọn-in, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá rí bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, sìmẹ́ǹtì kún ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò.

Ìyá ti dìde, ó ti dé ìdí ògiri. Ó na ọwọ́, ó fi kan bíríkì tó tẹ̀ náà.

"Màmá," ọmọ náà pè é jẹ́jẹ́, "ta lẹni tó kúnlẹ̀ yẹn?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe tọ́, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Bíríkìlà ni," ó sọ. "Wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́. Wọ́n ń gbìyànjú." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà dójú tì í. "Àmọ́ èyí wọ́, sà. Ẹ bá mi tún un ṣe kí ọkọ mi tó dé. Ọkọ tèmi kì í gba nǹkan tó bá wọ́."

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá kò gbójú sókè. Ó ti ṣèlérí. Ó fi ìdí ṣíbí gbá bíríkì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó di ojú kan, ó wò ó.

"Ó ti gún, mà," ó sọ.

"Ẹ ṣeun, sà," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Inú rẹ̀ á dùn."

Ọmọ náà di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n wọlé lọ di ẹrù ìyá.