Wọ́n Ní Ẹ̀mí Gùn Mí, Ooru Ló Ń Mú Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iba. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, èmi gan-an ò tíì rín in tán.

Aránṣọ ni mí, aláṣọ funfun sì ni mí. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, mi ò sì rí nǹkan oṣù mi mọ́. Látìgbà náà ni ooru kan ti máa ń ṣàdédé bò mí. Á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gun ọrùn, òógùn á bò mí, àyà mi á wá máa lù kìkìkì. Ọkọ mi tiẹ̀ ní ká má ra gáàsì mọ́, ká kàn máa gbé ìkòkò lé mi lórí! Ẹ ò rí ayé mi?

Ní Sunday kan, orin là ń kọ lọ́wọ́ tóoru ọ̀hún fi dé. Mo gbọ̀n, mo mi orí, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ní ẹ̀mí ti gùn mí! Màmá Àgbà, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, kúnlẹ̀ síwájú mi, wọ́n gbé fóònù sí mi lẹ́nu láti gba ìsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo pariwo pé, "Ẹ ṣí wíńdò!"

Ìjọ ní, "Àmín!" Màmá Àgbà ní wíńdò ọ̀run ni Olúwa fẹ́ ṣí fún wa. Mo ní, "Atẹ́gùn!" Wọ́n ní, "Sọ̀ kalẹ̀!" Ijó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí wíńdò ilé!

Mo rẹ́rìn-ín délé, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Irú ooru yìí ni ìyá tó bí mi máa ń sọ nígbà tí wọ́n wà lọ́jọ́ orí mi. A ní àgbà ló ń dé. Àìsàn ọkàn ló pa wọ́n. Mi ò fẹ́ kú bẹ́ẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi ò tíì jáde yunifásítì.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ ní Okokomaiko. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ wíńdò, dókítà obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé èròjà kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní họ́mónù, tó máa ń bá obìnrin tọ́jú ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, họ́mónù yẹn á lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á wá rọ́nà wọlé. Ó ní kí n wò ó bí òróró inú ẹ̀rọ ìránṣọ mi: tó bá ti ń gbẹ, ẹ̀rọ ò tíì bàjẹ́, àmọ́ ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ. Ó ní ooru nìkan kì í ṣe àìsàn ọkàn. Àmọ́ nígbà tó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga! Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn, kí n má sì dá oògùn họ́mónù rà lọ́dọ̀ kẹ́míìsì.

Sunday tó tẹ̀ lé e, Màmá Àgbà pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìgbà wo ni ìyókù iṣẹ́ ẹ̀mí yẹn máa jáde. Mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n máa bínú ni. Àfi bí wọ́n ṣe rọra bi mí pé, "Ṣé àyà tìẹ náà máa ń lù kì bẹ́ẹ̀?"

Háà! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tiwọn ga ju tèmi lọ! Dókítà ò jẹ́ kí wọ́n lọlé àfìgbà tó wálẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ bọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Mo sọ fún ẹ pé ìsọtẹ́lẹ̀ ni."

Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn?

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ máa gbàdúrà, àmọ́ ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ibo ni ooru ti ká ẹ̀yin náà mọ́ rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí wíńdò!